Láìnì Tó Dé Ìdí Máṣíìnì

Ọjọ́ tí fóònù Màmá Aránṣọ kú, kì í ṣe àìsàn ló pa á. Inú korobá omi tí Màmá fi ń wọ́n aṣọ kó tó lọ̀ ọ́ ló já sí. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni, ó ti lò ó fún ọdún mọ́kànlá, àwọn nọ́ńbà ara bọ́tìnì rẹ̀ sì ti pa rẹ́ débi pé àtàǹpàkò Màmá nìkan ló mọ ibi tí márùn-ún wà. Ó yọ ọ́ nínú omi, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó gbé e sí oòrùn lójú fèrèsé. Fóònù kò dá a lóhùn. "Ó dàárọ̀ o," ni Màmá wí, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, nítorí aṣọ oníbàárà kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wá gbà lọ́jọ́ kejì.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀ ni, ì bá dára. Àmọ́ wàhálà kì í dá rìn. Àkọ́bí Màmá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Onílífítì nítorí pé lífítì ilé gíga ló ń tún ṣe, pe ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kò wọlé. Ó pè lọ́sàn-án, kò wọlé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn àti gíríìsì lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àjà kẹta ni Màmá ń gbé, ilé náà kò sì ní lífítì, èyí tó máa ń dun Onílífítì bí ẹni pé wọ́n dìídì fi bú u ni.

"Màmá, ẹ ò gbé fóònù!"

"Fóònù ti mumi yó, ọmọ mi. Wọlé wá jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbé ibí yìí. Bí mi ò bá lè máa gbọ́ ohùn yín, ẹ ó kó bọ̀ lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Yàrá wà nílẹ̀, ìyàwó mi ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i."

Ẹ má fojú ọ̀dájú wo ọkùnrin yìí o. Ilé tó ń gbé dára, ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe oníjàngbọ̀n, yàrá tó ń wí sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n onílé tó ń gbé ti kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ aláriwo wọnú ilé. Máṣíìnì Màmá sì rèé, irin gidi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á, bó bá ti ń sáré, ilẹ̀ á máa gbọ̀n. Bí Màmá bá kó lọ, máṣíìnì máa dúró sẹ́yìn. Kí wá ni wọ́n ń pe aránṣọ tí kò ránṣọ mọ́? Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Òun ló fi tọ́ ọmọ méjèèjì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n bí máṣíìnì bá ti ń dún, ilé kì í dà bí ilé òfo. Kó wá lọ jókòó tẹtẹrẹ sórí bẹ́ẹ̀dì oníbẹ́ẹ̀dì, kó máa retí ìgbà tí wọ́n máa gbé oúnjẹ wọlé? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àbúrò Onílífítì, obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá wọn dá sí i. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ ká fún Màmá ní oṣù kan. Bí a bá rí fóònù àti láìnì tó máa ń mú wọn nígbàkígbà, wọn ò lọ síbì kankan. Bí a ò bá rí i, ẹ kó wọn."

Onílífítì gbà. Màmá náà gbà, ó sì mọ ohun tó gbà. Kì í ṣe fóònù ni wọ́n fẹ́ bá a rà yẹn, ilé rẹ̀ ni wọ́n gbé lé ìwọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, ìjà bẹ̀rẹ̀. Onílífítì gbé fóònù kan wá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi dígí, irú tòun náà gan-an, síìmù kan ṣoṣo ló ń gbà, láìnì iléeṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló sì fi sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti wà lórí búlúù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níbi tó ti ń ròyìn fóònù ọ̀hún á rò pé òun ló bí i. Ó ní kámẹ́rà rẹ̀ lè ka orúkọ ara bọ́tìnì aṣọ láti ìsàlẹ̀ ilé.

"Kí ni Màmá fẹ́ fi ka bọ́tìnì láti ìsàlẹ̀ ilé?" ni Nọ́ọ̀sì bi í. Òun ti gbé tiẹ̀ wá, fóònù kan tó fẹ̀ tó sì wúwo, tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́ta, tó ń gba síìmù méjì. Láìnì aláwọ̀ àlùkò ló fi sí i.

"Fóònù olórí méjì!" Onílífítì bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn tí ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ ló ń lo ìyẹn."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ṣebí ẹnu ṣáàjà lẹ máa ń wà tó bá ti di ọ̀sán."

Ẹ ò rí nǹkan. Àgbààgbà méjì, ọ̀kan ti ní irun funfun ní àgbọ̀n, wọ́n ń ṣe bí ìgbà tí wọ́n ń jà du ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀. Màmá ń wò wọ́n, ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Nígbà tó yọ ọ́, ó ní, "Ẹ gbé méjèèjì sílẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ wọ ẹ̀wù náà, ẹ jẹ́ kí èmi wọ̀ ọ́ wò."

Kò sì fi ṣeré. Ó kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó ń gbé inú ilé náà léèrè, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà tó kúrú jù. Tíṣà tó ń gbé àjà kejì fi fóònù olówó gọbọi tirẹ̀ hàn án, ojú fóònù náà ti fọ́ láti ọdún tó kọjá. Ó ní, "Màmá, àwọn òbí ọmọ máa ń wo fóònù kí wọ́n tó gbọ́ràn. Bí mo bá yọ onítọ́ọ̀ṣì níwájú wọn, wọ́n á ní kí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ àwọn."

Onítakisí tó máa ń gbé ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ní láìnì méjì. Ó ní búlúù ni ti ìyàwó òun, àlùkò ni ti àwọn oníbàárà. "Bí mo bá pa wọ́n pọ̀, Màmá, ilé á dàrú."

Onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé, ló múnú Màmá dùn jù. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀ náà, irú èyí tó kú sínú korobá. Màmá bi í pé kí ló rí lára àlùkò tó fi wà níbẹ̀.

"Èmi? Mi ò rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń fi okùn àti agolo sọ̀rọ̀, màá wá agolo tèmi náà."

Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn padà lọ sókè, ó ń rò ó. Gbogbo àwọn tó bi léèrè, kò sẹ́ni tó sọ ti fóònù. Ti ènìyàn ni kálukú ń sọ. Ọ̀kan ń sọ ti òbí ọmọ, ọ̀kan ń sọ ti ìyàwó, ọ̀kan ń sọ ti ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbọ́ ohùn wọn ni wọ́n rà, wọ́n kàn ń pè é ní fóònù ni.

Lẹ́yìn náà ló wá wọn ilé rẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe é, nítorí aránṣọ nìkan ló lè rò ó bẹ́ẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, búlúù fún láìnì búlúù, pupa fún àlùkò. Ó gbé fóònù kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ìkejì sí ọwọ́ òsì, ó sì ń rìn káàkiri bí ẹni tó gbé omi gbígbóná. Ibi tí láìnì bá ti mú dáadáa, á bẹ̀rẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì ya àgbélébùú sílẹ̀. Ó fi tépù wọn àyè àárín wọn. Ó ṣí ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ó wá ojú ewé tuntun, ó kọ ọ́ bí ìgbà tó ń kọ ti èjìká àti ìbàdí: "Búlúù: balùwẹ̀, dáadáa. Orí àtẹ̀gùn níta, dáadáa gan-an. Ìdí máṣíìnì, òfo. Bẹ́ẹ̀dì, òfo. Àlùkò: ìdí máṣíìnì, dáadáa gan-an. Bẹ́ẹ̀dì, dáadáa. Balùwẹ̀, kò pọn dandan."

Ọ̀rọ̀ yanjú nìyẹn, àbí? Kó mú àlùkò, kó máa ránṣọ rẹ̀. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó fi àlùkò pe Onílífítì.

"Màm—"

Ó já. Ó tún un pè. "Ṣé kò sí—" Ó tún já. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ méjèèjì ń bá ara wọn fa nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, láti ìgbà náà ni ìpè láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ èkejì. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń kọjá, ohùn ni kì í kọjá. Ẹni tó bá wà lórí búlúù, kó wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ búlúù. Nọ́ọ̀sì wà lórí àlùkò, ìyẹn ń gbọ́ Màmá ketekete. Onílífítì ni kò gbọ́, Onílífítì ló sì fẹ́ kó Màmá lọ.

Nígbà tó wá lọ́jọ́ ìsinmi, Màmá rọra là á sílẹ̀ fún un pé bóyá kí òun náà bọ́ sórí àlùkò. Ó fò sókè bí ẹni tí iná mú.

"Láìnì tí mo ti lò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Màmá, gbogbo ilé gíga tó wà nílùú yìí, nọ́ńbà mi ló wà lára lífítì wọn! Tí ènìyàn bá há sínú rẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè. Fóònù mi ò sì gba síìmù méjì. Ṣé kí n wá jù ú nù nítorí pé ẹ fẹ́ jókòó síbì kan ṣoṣo nínú ilé?"

Màmá yíjú sí máṣíìnì rẹ̀. Ó dùn ún. Ibì kan ṣoṣo tó ń wí yẹn, ibẹ̀ ló ti ran aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti jókòó ran aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó wò ó pé ọmọ òun ti dàgbà tán, ó ti di ọ̀gá lé òun lórí. Àfi bí ẹni pé òun di ẹrù tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Ohun tó ṣe kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn dà? Ó ti fóònù olórí méjì tì sórí tábìlì, ó gbé fóònù ẹlẹ́yìn dígí sínú àpò aṣọ kékeré kan, ó so ó kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn níta, lórí àtẹ̀gùn, níbi tí búlúù ti ń mú. Bó bá dún, òun á sáré jáde lọ gbé e. Bí máṣíìnì bá wá ń dún ńkọ́? Ẹ má bi mí. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ó pàdánù ìpè méje, Onílífítì sì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí i létí bí adájọ́.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù pé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún Màmá. Nọ́ọ̀sì ní wíwo ojú fóònù àti fífi òwú bọ abẹ́rẹ́ ló fà á, ó sì fi oògùn tí wọ́n ń kán sójú rán Onídìrí. Ó mọ ìyá rẹ̀: bí ènìyàn kò bá dúró tì í, inú dúrọ́ọ̀ ni oògùn ń gbà lọ. Ó bẹ Onídìrí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti lò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ fi ránṣẹ́ sí bùọ̀dá mi náà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀." Ohun tó gbàgbé ni pé kò tíì sọ̀rọ̀ oògùn kankan fún bùọ̀dá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Onídìrí gun òkè, ó kán oògùn sí Màmá lójú, ó ní kó di ojú kó má là á fún ìgbà díẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun. Ó fọwọ́ kan ṣoṣo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù kékeré rẹ̀, tí kò mọ àmì ohùn, tí kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ méjèèjì:

"Mama ti lo o."

Nọ́ọ̀sì kà á ní ẹnu iṣẹ́, ó ní, "Ó ṣeun," ó pa fóònù rẹ̀, ó wọ wọ́ọ̀dù lọ. Òun kà á pé Màmá ti lò ó.

Onílífítì kà á níwájú ilé alájà méjìlá kan, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

Màmá kò mọ ohunkóhun nípa èyí. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó dijú, omi oògùn ń ṣàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó ń sáré. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe ọkùnrin, igbe tó jáde látinú ikùn: "Yéè! Màmá mi o! Yéè, mo gbé!"

Ọkàn Màmá já. Ó ní, ta ló kú nínú ilé yìí? Ó dìde, ó fọwọ́ wá ògiri, ó ṣí ilẹ̀kùn. Nínú omi ojú, ó rí àkọ́bí rẹ̀ níwájú ẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ò sí. Onílífítì rí i, ó figbe ta, ó sì fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbá irin àtẹ̀gùn.

"Ta ló kú?" Màmá bi í.

"Ẹ̀yin ni!"

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá! Wọ́n ní ẹ ti lọ!"

"Níbo ni mo lọ? Ìdí máṣíìnì ni mo wà."

Onídìrí ti gbọ́ ariwo, ó ti sáré gòkè pẹ̀lú ìyàrun lọ́wọ́. Onílífítì na fóònù sí i. Onídìrí kà á, ó tún un kà, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Lò ó ni mo kọ o! Oògùn! Màmá ti lò ó! Fóònù mi ò lè fi àmì sí i, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò bá pè mí!"

"Mo pè yín! Àlùkò lẹ wà! Mo pe àbúrò mi, àlùkò lòun náà, ó sì ti pa tiẹ̀. Mo pe Màmá…" Ó wo àpò aṣọ tó so kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ojú fóònù inú rẹ̀ ń tàn, ìgbà mẹ́tàlélógún ló ti pè é.

Ẹ kò lè gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Onídìrí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìyàrun bo ẹnu, lẹ́yìn náà ni Màmá, lẹ́yìn náà ni Tíṣà tó ti yọjú láti àjà kejì. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. "Òkú tó ń kán oògùn sójú!" ni Onídìrí ń wí. Onílífítì náà ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jáde.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, ó jókòó sórí àpótí nínú yàrá. Màmá bu omi fún un. Ìgbà yẹn ló wá rí i pé ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n débi pé omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ tó ń rọ̀ mọ́ wáyà ní àjà ogún, tí kì í gbọ̀n. Gbogbo ìbínú tí Màmá ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí yọ́ dànù. Ó ti rò pé ọmọ yìí fẹ́ ṣe ọ̀gá ni. Ọ̀gá kọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó sọ ohun tí kò rò pé òun lè sọ láyé.

"Ó tó báyìí. Ràn mí lọ́wọ́, ká kó ẹrù. Màá bá ọ lọ."

"Máṣíìnì ńkọ́?"

"Màá fún ẹnì kan."

Onílífítì kò dìde. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wò ó, àgbélébùú búlúù àti pupa káàkiri, lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ tábìlì, ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. "Màmá, kí lèyí?"

"Ibi tí láìnì ti ń mú ni. Mo wọ̀n ọ́n." Ojú tì í díẹ̀. Ó fi ìwé ìwọ̀n hàn án.

Ọmọ náà ka ojú ewé náà délẹ̀. Nígbà tó dé ibi "Balùwẹ̀, kò pọn dandan," ẹ̀rín tó kọ̀ láti jáde lẹ́ẹ̀kan wá jáde, ó sì bá omijé wá. Ó pa ìwé dé. Ó wo àyíká ìdí máṣíìnì, níbi tí àgbélébùú pupa ti pọ̀ jù, tí búlúù kò sí rárá.

"Ẹ̀yin lẹ ti ń wá láìnì tó máa dé ọ̀dọ̀ mi láti ọjọ́ yìí," ó ní. "Èmi ò wá èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ yín."

Ó nawọ́ sórí tábìlì, ó mú fóònù olórí méjì. Ó yọ síìmù búlúù rẹ̀ kúrò nínú fóònù tirẹ̀ tó ń dán, ó sì tì í sínú èyí tó wúwo. Màmá ní, "Ìwọ tó o ní àwọn tí ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ ló ń lò ó?" Ó ní, "Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ o." Síìmù àlùkò tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló fi sí fóònù Màmá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsọ̀ tó wà níwájú ilé láti lọ ra àlùkò tirẹ̀, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀, Onídìrí sì ń pariwo tẹ̀ lé e pé kó máa bọ̀ wá dirun.

Màmá jókòó sáyè rẹ̀. Ó gbé fóònù sórí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi dún.

"Màmá?"

"Mò ń gbọ́ ẹ."

"Ìdí máṣíìnì lẹ wà?"

"Ibẹ̀ ni."

Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Màmá rí i láti ojú fèrèsé, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpó iná, ó kẹ̀yìn sí ilé. Ó rò pé ó ti sọ tán, pé ó kàn fẹ́ dán an wò ni. Àmọ́ kò gbé e sílẹ̀.

"Màmá, ọjọ́ tí Bàbá kú, abẹ́ ilẹ̀ nínú kòtò lífítì ni mo wà. Láìnì kankan kì í dé bẹ̀. Ìgbà tí mo jáde ní ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i pé ẹ ti pè mí nígbà mẹ́rìnlá. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, èmi ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn. Mo wọlé, ẹ̀yin pẹ̀lú gbogbo ẹbí jókòó, ẹ bi mí pé níbo ni mo wà láti àárọ̀. Mi ò lè dá yín lóhùn. Lónìí, bí mo ṣe ń sáré bọ̀, ohun tí mo ń gbọ́ létí nìyẹn. Níbo ni mo wà."

Ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ti jọ jẹun, wọ́n ti jọ rìnrìn àjò, wọ́n ti jọ jà lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ yìí kò sì sọ ọ́ lójúkojú rí. Màmá rántí ọjọ́ náà. Ó rántí pé òun bi í. Kò mọ̀ pé ó gbé ìbéèrè náà lọ sílé, tó sì ti ń bá a gbé láti ìgbà náà.

"Ọmọ mi, gbọ́," ó ní. "Mi ò bá ọ wí lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ kú mọ́ mi lọ́wọ́, gbogbo ilé kún, kò sẹ́ni tí mo mọ̀ nínú wọn. Mò ń wá ẹ ni. Mo kàn ń wá ẹ ni."

Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ òpó iná fi ọwọ́ bojú. Màmá fọwọ́ méjèèjì di fóònù mú mọ́ etí, ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń sunkún.